Bọ́tìnnì Pupa Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni obìnrin náà.

Ilé iṣẹ́ omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí páìpù bá bẹ́ ládùúgbò kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé rẹ̀ máa ń balẹ̀ sí. Á kọ ọjọ́ tó bẹ́, á kọ òpópónà, á kọ bí omi tó dànù ṣe pọ̀ tó. Á kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì ya àwòrán jáde: àmì róbótó kan fún páìpù kan. Ibi tí àmì bá ti ṣù jọ, ibẹ̀ ni kí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ gbé ṣọ́bìrì lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà náà ń tẹ̀ lé. Ẹnì kankan ò kọ́ ọ. Ó ra ìwé, ó kà á, ó ṣì í ṣe, ó tún un ṣe.

Wọ́n ń pè é ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé níbi iṣẹ́. Kò lè jókòó. Bó bá ń ronú, á dìde, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á padà, á tún lọ. Tíì tó bá pò, orí tábìlì ló máa ń tutù sí. Ọ̀gá rẹ̀ sọ nígbà kan pé òun ò mọ̀ bóyá akọ̀wé lòun gbà síṣẹ́ àbí ẹ̀fúùfù.

Télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Ó tún ń kọ ewì, ṣùgbọ́n kò pe ara rẹ̀ ní akéwì fún ẹnikẹ́ni. Inú ìwé ìwọ̀n ló ń kọ ọ́ sí, ìwé tí télọ̀ ń kọ gígùn apá àti ìbú ìdí oníbàárà sí. Ọjọ́ á wà lókè ojú ìwé, ìwọ̀n á tẹ̀ lé e, àyè díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Nínú àyè yẹn ni ewì máa ń wà. Lẹ́yìn tó kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìwé méjìdínlógójì ni wọ́n bá nínú àpótí rẹ̀. Ewì inú wọn jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá. Wọn ò gùn. Wọn ò ṣe fújà. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ ni.

Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ń wá nínú wọn. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ilé ìwé tó jìnnà ló wà. Ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù fún oṣù méje. Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó má wá o, kó ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó ṣe ìdánwò. Ó kọ lẹ́tà kan sílé. Nígbà tó máa fi délé, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Ó bi bàbá rẹ̀ bí ó ṣe rí. Bàbá ní, "Ó ti lọ." Kò fi kún un. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi bá bàbá yìí jẹun, tó bá a rẹ́rìn-ín, tí kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lọ. Ó wá rò ó pé ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, bóyá ó kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló gbé ọ̀rọ̀ ewì náà dé ilé ìkàwé ìlú. Ọ̀gá ilé ìwé ni ẹ̀gbọ́n yìí, ọ̀rọ̀ ńlá sì máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀ bí ẹran. Ilé ìkàwé gbà pé àwọn á kó ìwé ìwọ̀n náà sínú àpótí onígíláàsì fún aráàlú láti wò, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ nǹkan ńlá kan tí wọ́n lè gbé kọ́ ògiri.

"Ohun tó o máa ń fi páìpù ṣe nì," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "fi ewì bàbá wa ṣe é."

Ó gbé ìwé méjèèjìdínlógójì lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé níbẹ̀ ti dàgbà, dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀. Ó ṣe ẹ̀dà gbogbo ojú ìwé, ó kó ìwé padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò fẹ́ kí àpótí bàbá rẹ̀ sùn nílé òun. Ara ẹ̀dà yẹn ló ti tẹ ewì sínú kọ̀ǹpútà, oṣù mẹ́rin gbáko, ìdajì rẹ̀ lórí ìdúró. Ó kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó ka ọ̀rọ̀ inú ewì kọ̀ọ̀kan, kó wo èyí tó pọ̀ jù, òjò ni o, abẹ́rẹ́ ni o, ẹsẹ̀ ni o, kó fún un ní àwọ̀ tirẹ̀, kó sì to gbogbo wọn láti òsì sí ọ̀tún ní ọdún dé ọdún.

Àwòrán jáde. Àmì ṣù jọ ní gbogbo oṣù tí ilé ìwé ń wọlé. Ó dára. Ṣùgbọ́n láàárín gbùngbùn rẹ̀, àyè funfun kan wà tí kò ní àmì kan ṣoṣo. Ó ka oṣù ibẹ̀. Méje ni. Ó wo ọdún rẹ̀. Oṣù méje ìyá rẹ̀ ni.

Ó dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ó rìn yí ilé ká títí aládùúgbò ìsàlẹ̀ fi fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà.

Inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùn nígbà tó rí i. "Àbúrò mi, wò ó. Ìdákẹ́jẹ́ tó ń ké. Ọ̀rọ̀ tó wà níbí ju ewì lọ." Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà sísàlẹ̀ àwòrán: OṢÙ MÉJE TÍ ÌBÀNÚJẸ́ FI GBA GÈGÉ LỌ́WỌ́ AKÉWÌ.

Bàbá wọn ò ní gègé rí. Bírò ló ní.

Nǹkan kan tún wà tí kò jẹ́ kí obìnrin náà sinmi. Fèrèsé. Kọ̀ǹpútà rí ewì mẹ́rìnlélógún tó sọ̀rọ̀ fèrèsé, wọ́n fọ́n káàkiri ọdún mẹ́rìnlá, gbogbo wọn ṣáájú àyè funfun yẹn. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn kan ló ní, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ògiri ẹlòmíràn. Nílé ńkọ́? Ilẹ̀ ti máa ń ṣú kó tó wọlé. Fèrèsé wo wá ni? Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Fèrèsé ọkàn ni," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Kò bá a jiyàn. Ẹ̀gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà.

Ọjọ́bọ̀ ni ilé ìkàwé fẹ́ ṣí àfihàn náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán náà sí dé, ọ̀pá márùn-ún, funfun, àmì wẹẹrẹ lójú rẹ̀. Igi ni wọ́n máa kì bọ orí rẹ̀ kó tó ṣeé gbé kọ́, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ìṣẹ́tí. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin báyìí, ó sì ń ránṣọ síbẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ojú-Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí kò tíì lo awò ojú rí láti fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá. Ẹ bá mi ṣẹ́tí aṣọ yìí. Orí rẹ̀ nìkan."

"Ọmọ Ọ̀gá. Jókòó."

"Mo wà dáadáa, sà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o wà dáadáa. Àga ni mo fi lọ̀ ọ́."

Kò jókòó. Ojú-Abẹ́rẹ́ tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Ó fọwọ́ tẹ́ ìhunjọ ara rẹ̀. "Ta ló da ata gígún sára aṣọ funfun?"

"Ewì bàbá mi ni. Àmì kan, ewì kan. Láti ibí lọ sí ibí, ọdún ló ń lọ."

"Ìyẹn ni gbogbo nǹkan tí Ọ̀gá kọ?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó wò ó pẹ́. Ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ, ó wọn àyè funfun àárín bí ẹni wọn ìbàdí. "Ibí yìí ńkọ́? Ata ò débí."

"Oṣù méje tí màmá mi fi wà lọ́sibítù ni. Kò kọ nǹkan kan."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ló sọ ọ́, Bọ̀dá. Ọjọ́ wà lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ní ọjọ́ inú oṣù méje yẹn."

Ojú-Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ há, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọn ò fún lóróró, kó tó wá ń lọ geere.

"Ọmọ Ọ̀gá, ọdún mélòó lo gbé nílé télọ̀?"

"Mọ́kàndínlógún."

"O sì gba ọjọ́ tí télọ̀ kọ sílẹ̀ gbọ́?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rí i pé kò rẹ́rìn-ín, òun náà sì dá ẹ̀rín dúró.

"Gbọ́. Ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìwọ̀n, ọjọ́ tí oníbàárà máa wá gba aṣọ ni. Ọjọ́ àdéhùn. A kì í kọ ọjọ́ òní sí i. Kí la fẹ́ fi ọjọ́ òní ṣe? Oníbàárà tó dúró níwájú wa mọ ọjọ́ òní."

Nílé iṣẹ́ omi, ọjọ́ tó bá wà lórí ìwé ni ọjọ́ tí páìpù bẹ́. Páìpù kì í ṣàdéhùn. Obìnrin náà ò rò ó wò rí pé ìwé lè ní ọjọ́ tí kò tíì dé.

"Ewì wá ńkọ́? Ìgbà wo ló kọ ewì?"

"Ọ̀gá kì í fọwọ́ kan ojú ìwé tí aṣọ rẹ̀ ò tíì jáde. Bí oníbàárà bá gba aṣọ lọ, a ó fa ìlà sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ló di ti Ọ̀gá. Ó lè kọ nǹkan sí i lọ́sẹ̀ kejì. Ó lè kọ ọ́ lọ́dún kẹwàá. Ìwé àtijọ́ ló fẹ́ràn. Ó ní ìwé tuntun, ti oníbàárà ni."

"Kí ló wá dé tí oṣù méje yẹn ṣófo?"

"A ti ṣọ́ọ̀bù pa ni. A ò gba aṣọ ẹnikẹ́ni. Èmi lọ ń rán yúnífọ́ọ̀mù níbòmíràn. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbé oúnjẹ lọ bá a ní wọ́ọ̀dù ní ìrọ̀lẹ́. Ìwé àtijọ́ máa ń wà lórí eékún rẹ̀."

"Ó ń kọ̀wé?"

"Ó ń kọ̀wé. Bírò rẹ̀ gbẹ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ni nọ́ọ̀sì alẹ́ kan bá fún un ní tirẹ̀. Pupa ni àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́ fi ń kọ̀wé nígbà yẹn. Mo máa ń rí pupa níka Ọ̀gá. Ọjọ́ tá a gbé màmá yín kúrò níbẹ̀, ó dá bírò náà padà. Ó gbé e sórí tábìlì nọ́ọ̀sì, ó ní ẹ ṣé."

Ẹsẹ̀ obìnrin náà dúró. "Fèrèsé," ló wí.

"Kí ni?"

"Fèrèsé wà níbẹ̀? Níbi tí màmá mi wà?"

"Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn gan-an. Ìkọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Òwú onílọ̀ọ́po méjì ni Ọ̀gá fi so ó."

"Bọ̀dá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

Ojú-Abẹ́rẹ́ ká téèpù mọ́ ọwọ́ rẹ̀. "O ò bi mí. O kì í sì í dúró pẹ́ tó ẹni tá à ń sọ nǹkan fún."

Ó fi aṣọ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìkàwé, torí kò lè dúró de mọ́tò. Wọ́n ti kó ìwé sínú àpótí onígíláàsì, wọ́n ti tì í pa. Olùtọ́jú ilé ìkàwé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní kó má sáré nínú ilé ìkàwé. Ó ní òun ò sáré. Olùtọ́jú wo àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Látìgbà tí fèrèsé ti ń dà á láàmú ló ti tẹ nọ́ńbà ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún jáde látinú kọ̀ǹpútà, ó sì wà nínú báàgì rẹ̀. Ó ṣí èkíní. Pupa. Ó ṣí èkejì nínú ìwé mìíràn tí ọjọ́ rẹ̀ fi ọdún mẹ́ta jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Pupa. Ìgbà tó dé èkẹjọ, olùtọ́jú ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá a ṣí ìwé. Mẹ́rìnlélógún nínú mẹ́rìnlélógún. Wọ́n wá ṣí gbogbo ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n tún rí pupa márùn-ún tí kò sọ̀rọ̀ fèrèsé. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ omi ti sọ gbogbo wọn di dúdú fún un.

Kì í ṣe pé kò tíì kà wọ́n rí. Òun ló tẹ̀ wọ́n. Èyí wà níbẹ̀:

*Ó ní kí n ṣí fèrèsé.*
*Mo ṣí i.*
*Ó ní kí n tì í.*
*Mo tì í.*
*Iṣẹ́ tí mo ṣe lónìí nìyẹn.*

Nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, ó rò pé oníbàárà alárìíwísí kan ni. Ó rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Èyí náà wà níbẹ̀, lábẹ́ ọjọ́ ọdún tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ:

*Ọmọ wa obìnrin kọ lẹ́tà.*
*Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta.*
*Ó ní kí n ka ibi ìdánwò lẹ́ẹ̀kan sí i.*
*Mo ń kà á lọ́wọ́, ó sùn.*

Ó ti rò pé lẹ́tà tí òun kọ nígbà tí òun lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá òun ni, tí ìyá àgbà sì sùn lórí àga. Ọmọ ọdún mẹ́jọ wo ló ń kọ̀wé nípa ìdánwò? Kò rò ó. Ọjọ́ òkè ojú ìwé ti sọ fún un ohun tó máa rò.

Ó gbé ìwé náà dání, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún lọ. Olùtọ́jú ò sọ pé kó má rìn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó fọwọ́ nu iwájú orí.

"Ìwé ìpè ti jáde. Ọ̀túnla ni. Gbogbo èèyàn ti gbọ́ nípa oṣù méje náà."

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó dára. Ó wọ èèyàn lákínyẹmí ara. Kí lo fẹ́ kọ sí i dípò rẹ̀?"

"Mo fẹ́ kọ pé ọjọ́ tó wà níbẹ̀, ọjọ́ àdéhùn aṣọ ni."

"Ta ló máa jáde nílé rẹ̀ wá ka ìyẹn?"

Obìnrin náà ṣí ìwé síbi ewì lẹ́tà, ó fi lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kà á. Òun náà ò sí nílé lọ́dún yẹn. Ó tún un kà. Ó ti ìwé pa, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí rẹ̀.

"Kí la máa wá ṣe sí ọ̀rọ̀ tèmi?"

"A máa fi aṣọ bò ó, sà."

Ó da ìwé náà padà fún un. "Kí ẹ fi aṣọ tó dára bò ó o."

Àkókò ò sí mọ́ láti tẹ òmíràn. Lọ́jọ́rú, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú-Abẹ́rẹ́ ti ṣẹ́tí aṣọ. Nígbà tó gbọ́ pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ewì pupa, ó na ọwọ́ sí orí pẹpẹ, ó sọ agolo kan kalẹ̀. Bọ́tìnnì Ọ̀gá ni. Wọ́n dà á sórí tábìlì, wọ́n ṣa pupa inú rẹ̀. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ojú-Abẹ́rẹ́ mú àlùmọ́gàjí, ó gé méjì kúrò lára súẹ́tà tó wọ̀.

"Òtútù á mú yín."

"Ó ti pẹ́ tó ti ń há mi nínú."

Àwọn àmì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó wà níbi tí kò yẹ, wọ́n fi òwú funfun rán wọn pa. Ìyẹn kò le. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ló le. Obìnrin náà ń wá bó ṣe máa tò wọ́n. Èwo ló ṣáájú? Oṣù wo? Ọ̀sẹ̀ wo? Ó dìde, ó rìn, ó jókòó, ó dìde.

"O ò mọ̀ ọ́n," ni Ojú-Abẹ́rẹ́ wí. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kó wọn jọ sójú kan."

"Kò ní jọ iṣẹ́."

"Èyí tó o tò dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ṣebí irọ́ ni."

Wọ́n kó wọn jọ láàárín àyè funfun, bí ìgbà téèyàn kó bọ́tìnnì sí àtẹ́lẹwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rán wọn. Wákàtí mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ojú-Abẹ́rẹ́ tú mẹ́fà nínú rẹ̀, ó ní kó tún un rán, pé bọ́tìnnì tí wọn ò fi òwú wé ọrùn fún kì í pẹ́ já. Ó tún un rán.

Wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ sánmà bo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà ló kọ èyí sórí rẹ̀: *Ọjọ́ tó wà lórí aṣọ yìí, ọjọ́ tí télọ̀ ṣèlérí fún oníbàárà ni. Ọjọ́ tó kọ ewì, a ò mọ̀ ọ́n. Bọ́tìnnì pupa nìkan la mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀ ló ti kọ ìyẹn.*

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n gbé e kọ́. Èèyàn wá, wọn ò pọ̀ púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì kúrú. Ìyá arúgbó kan dúró níwájú àpótí onígíláàsì títí tó fi rí orúkọ ara rẹ̀. Ó na ìka sí ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀, ó pe gbogbo ilé. "Ẹ wá wo irọ́. Ọjọ́ tó dá fún mi nìyí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó rí aṣọ mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tí bọ́tìnnì wà fún, wọ́n sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun dárí aṣọ náà jì í.

Obìnrin náà ò lè dúró nínú ilé náà pẹ́. Ó ń jáde, ó ń wọlé. Nígbà tí ilé ìkàwé fẹ́ tì, ó lọ fọwọ́ kan bọ́tìnnì kan, ó fà á wò bóyá ó le. Ó le.

Ó rìn délé. Búrẹ́dì àti ẹyin díndín méjì ló jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lórí ìdúró, nídìí fèrèsé.